Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ìlà Eérú

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tún padà wá sí ẹ̀yìn odi wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni mo béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́. Ẹni méjì ní ọdún kejì ni; ẹni kẹta ní ọdún kẹta ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí nílùú nígbà náà, nítorí náà mo mú ti ẹni méjì. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè àwọn ọmọ ilé-ìwé, erùpẹ̀ sì ni wọ́n ń pọn ní kànga Ìjẹmọ̀.

Túbọ̀sún ni orúkọ mi. Igbákejì olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé ìjọ wa ní Ìjẹmọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo mọ̀wé púpọ̀. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí ogun tó dá mi dúró, àwọn ọmọ tí ń kọ́ á-bí-dí nìkan ni wọ́n sì fi sí abẹ́ mi. Bàbá wa kú lórí odi ní ọjọ́ ogun náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà ní ipò bàbá fún Ọlálẹ́yẹ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo lọ tọrọ ìyàwó fún un ní Ìtòkú, ní agbo-ilé Bàbá Ṣówùnmí. Lydia ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Bàbá tirẹ̀ náà ti kú, Bàbá Ṣówùnmí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni olórí ilé. A ti gbé iṣu, iyọ̀, oyin àti obì lọ, wọ́n sì ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ìgbéyàwó ló kù, a sì ti dá a sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde.

Olùkọ́ Herbert ló mú eré náà wá sáàrin wa. Sàró ni, ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé Ìbarà, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta ní Ìlú Òyìnbó. Ó pe eré náà ní rọ́gíbì. Àwa pè é ní bọ́ọ̀lù àgbésá, nítorí pé ẹni tí ó bá mú bọ́ọ̀lù yóò gbé e sá, àwọn yòókù yóò sì máa lé e bí ẹni ń lé olè. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto. Ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Èyí tí Olùkọ́ gbé ti òkè òkun bọ̀ bẹ́ kí a tó ṣe eré kejì. Oníṣẹ́-awọ kan ní Ìtòkú ló rán òmíràn fún wa, ó sì fi àpò ìtọ̀ àgbò sínú rẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi da òfin eré náà kọ láti inú ìwé Olùkọ́ Herbert, mo sì kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà fo ọ̀rọ̀ kankan. Méjì péré nínú òfin náà ló kan ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ. Èkíní ni pé ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n ń bá ṣeré, tí ó sì fi í kan ilẹ̀ níbẹ̀, ó ti gba àmì kan. Èkejì ni pé bí àyà ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá kan ilẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kan ilẹ̀, wọ́n ti mú un. Kí ó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ pé ní Ìlú Òyìnbó wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ ta á kọjá láàrin òpó méjì. Àwa náà ri òpó, ṣùgbọ́n ikán jẹ wọ́n, a sì fi ìyẹn sílẹ̀. Eérú ni a fi ń fa ìlà wa.

Ilé-ìwé mẹ́ta ló ṣeré ní ọ̀gbẹlẹ̀ náà: Ìjẹmọ̀, Ìbarà àti Ìtòkú. Olúkúlùkù yóò bá èkejì pàdé lẹ́ẹ̀mejì, eré mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ní eré kìíní, àwa na Ìbarà, àmì mẹ́ta sí ẹyọ kan, Ọlálẹ́yẹ nìkan ló sì gba méjì nínú mẹ́ta náà. Kò sí ẹni tó lè lé e bá láti Ìjẹmọ̀ dé Ìbarà. Ní eré kejì, Ìtòkú na Ìbarà ní méjì sí òfo. Eré kẹta ni àwa àti Ìtòkú pàdé.

Ní ọjọ́ náà, sọ̀bìà mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìtòkú lẹ́sẹ̀, wọn kò sì pé. Olùkọ́ wọn, Adéṣọlá, wo ẹ̀yìn, ó rí Bándélé, ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, ó sì ní kí ó lọ dúró sí iwájú ìlà wọn, níbi tí kò ti ní sí lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Bándélé yìí ni àbúrò Lydia.

Àmì ti di ẹyọ kan sí méjì, Ìtòkú ló wà níwájú, nígbà tí Ọlálẹ́yẹ já kúrò lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kò sí ẹnìkan mọ́ láàrin òun àti ìlà àfi ọmọ kékeré náà. Ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. A ti ń hó. Àbúrò mi dúró gbọin. Ó rọra gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, àna mi."

Bándélé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ó ṣe bí ó ti ń rí i tí àwọn àgbà ilé wọn ń ṣe.

"Ẹ dìde," ó ní.

Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sì sá lọ.

Gbogbo wa ló mọ̀ pé ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kò ní àna kékeré. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n ní ilé ìyàwó, àgbà ni lójú ọkọ. Kò sí ẹni tó lè bá Ọlálẹ́yẹ wí nítorí ohun tó ṣe, síbẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a wí.

"Ọlálẹ́yẹ," Olújìmí ni ó sọ̀rọ̀, òun ni olórí àwọn tó ń ṣeré fún wa, "ṣé eré lo bá wa wá ṣe ni, àbí o wá ṣe ìdáná?"

"Ó gbàgbé obì sílé ni," ẹnìkan dá sí i. "Ẹ jẹ́ kí ó lọ mú un wá."

"Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo pàdé bàbá ìyàwó rẹ lójú ọ̀nà ń kọ́?" Ọlálẹ́yẹ bi í.

"Bàbá wo? Ọmọ tí ikun imú rẹ̀ ń dé ẹnu."

"Ikun imú àna mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú Olújìmí.

Láti ọjọ́ náà ni Adéṣọlá ti gbàgbé ẹni tí sọ̀bìà mú. Kódà nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà san, Bándélé ni ó ń fi sí iwájú ìlà. Mo wá inú ìwé òfin lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá mo lè rí ohun tó lòdì sí i. N kò rí nǹkankan.

Ní eré kẹrin, a tún na Ìbarà, méjì sí òfo. Ní eré karùn-ún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀: Ìbarà tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni na Ìtòkú ní ẹyọ kan sí òfo. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti Ìtòkú ṣe dọ́gba, tí eré kẹfà di èyí tí yóò pín wa. Òfin Olùkọ́ Herbert ní bí eré náà bá parí sí ọ̀mì, ẹni tó borí nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì pàdé ni yóò gba ọdún náà. Ìtòkú ló borí nígbà náà. Nítorí náà, àfi kí àwa borí.

Olújìmí kó wọn jọ sábẹ́ igi ọsàn ilé-ìwé. Mo wà nítòsí, mo ń gé kálámù.

"Má ṣe gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ mọ́," ó wí fún àbúrò mi. "Sáré dé iwájú ọmọ náà, kí o wá nà gbalaja bí ó ti yẹ kí o nà, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ níwájú. Iwájú ìlà náà ló máa ń dúró. O ti kí àna rẹ, o sì ti gba àmì. Kí ni wọ́n máa sọ?"

Àwọn yòókù hó. Wọ́n hó jù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà Ìtòkú, láti ibẹ̀ ó dé etí Bàbá Ṣówùnmí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè mí.

Ológun àtijọ́ ni Bàbá Ṣówùnmí. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òróró pa ìbọn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí àna tèmi náà ni. Kò tètè ní kí n dìde.

"Akọ̀wé."

"Bàbá."

"Mo gbọ́ pé ẹ ti rí ìlò tuntun fún ìdọ̀bálẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ni, Bàbá. Ọlálẹ́yẹ kò dá sí i."

"Ṣé ó ní òun kò ní ṣe é?"

Mo ronú kí n má baà ṣì sọ. "Kò ní òun yóò ṣe é. Kò sì ní òun kò ní ṣe é."

"Ìwọ yìí," ó ní, "bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ wo ìwé." Ó gbé ìbọn tì. "Dìde kí o jókòó. Èmi kò bá àwọn ọmọ tó ń hó wí. Ìwọ ni mo gba iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àbúrò rẹ bá pàdé ọmọ wa lórí pápá yẹn, tí ó kọjá lára rẹ̀ láìkí i, kí o wá kó ẹrù rẹ. Bí ó bá sì fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe ẹ̀tàn, tí ó fi gba àmì níwájú ọmọ wa, kí o wá kó ẹrù rẹ. Gbogbo ohun tí ẹ gbé wá síbí ló wà lọ́jà. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá wá sọ ìyẹn náà di ọjà, kí ló kù tí ẹ fún wa?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó ṣubú àti ẹni tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n lè jọra lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè."

"Wọn kò jọra lójú mi. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ ní ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan gbà, ọwọ́ rẹ̀ ní ń ṣáájú." Ó tún mú ìbọn rẹ̀. "Èmi náà ń bọ̀ wá wò ó."

Bí mo ti ń jáde, mo rí Lydia ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ìyá rẹ̀. Aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò dúró de ìdáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé kí ó jókòó sílé lọ́jọ́ náà."

"Mo ti sọ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní bí òun bá jókòó, wọn yóò máa sọ títí láé pé òun fi ilé-ìwé òun tọrọ ìyàwó."

Ó fi ọ̀pá ro aró díẹ̀. "Bàbá ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn," ó ní. "Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìkẹ̀rẹ̀kù. Kì í ṣeré kankan. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún un."

Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ kò jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

Pápá tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé Ìbarà ni wọ́n ti ṣe eré kẹfà, ní ọ̀sán Sátidé. Olùkọ́ Herbert ni adájọ́, ó so fèrè mọ́ ọrùn, aago rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ìlà kọ̀ọ̀kan láti ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù bá kanlẹ̀ sí. Nígbà tí ó kan ìlà Ìtòkú, Adéṣọlá fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Kí Túbọ̀sún ṣọ́ ọ."

Ẹnu ya àwọn ará wa. "Ẹ̀gbọ́n Ọlálẹ́yẹ ni," Olùkọ́ Herbert rán an létí.

"Mo mọ̀. Ọkùnrin tó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí ó tó sọ orúkọ ọjọ́, ibo ni yóò ti rí àyè purọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ dúró ti ìlà náà. Bàbá Ṣówùnmí ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó jókòó lórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà láàrin orúnkún rẹ̀, kò jìnnà sí ìlà ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Bándélé dúró níwájú mi. Ó bu eérú fi ra ọwọ́, ó wò mí, ó sì gbójú kúrò.

Ìtòkú ló kọ́kọ́ gba àmì. Olújìmí san án padà kí a tó sinmi: ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé bí màlúù tó já okùn. Ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, eruku bo ojú wọn débi pé ohùn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Ọlálẹ́yẹ tí iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó jù ú sẹ́yìn fún ẹlòmíràn kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ẹni tó jù ú sí já a sílẹ̀.

"Ọlálẹ́yẹ," Olújìmí ké láti àárín pápá, "ta lo ń bá ṣeré lónìí?"

Àwọn ọmọ Ìtòkú tó wà létí pápá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ wa ni. Ẹ má dà á láàmú, ọkọ wa ni." Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo wo ojú àbúrò mi. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti dìde.

Olùkọ́ Herbert wo aago, ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé àkókò ti fẹ́ tán. Bí ó bá tán bẹ́ẹ̀, Ìtòkú ló ni ọdún náà.

Bọ́ọ̀lù wà nínú ìwọ́jọ, àwọn bí ogún dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn. Ó yọ láti ìsàlẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó sì dé ẹsẹ̀ Ọlálẹ́yẹ. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè jù ú sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì sá.

Ó fi ẹni kìíní sílẹ̀, ó fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ń bọ̀ tààrà. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀. Bándélé bọ́ síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ lórí ìlà. Mo ń retí kí àbúrò mi dẹwọ́ ìsáré, kí ó dúró, kí ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ bí ti ìjọ́sí. Kò dẹwọ́. Nígbà tí ó ku bí ìgbésẹ̀ méjì, ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, láàrin ẹsẹ̀ àna rẹ̀. Eérú tú sókè.

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo rí i. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìnnà sí i. Ó kan ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlà, ìwọ̀n ìka mẹ́ta ni ó fi kọjá, lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ dé ilẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì kò gùn tó ìpajú, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwọn ará wa ti ń fò sókè. Olùkọ́ Herbert fun fèrè, ó ń sáré bọ̀. Bàbá Ṣówùnmí ti dìde lórí àpótí, òun náà ń bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọlálẹ́yẹ kò gbé orí. Ó wà níbẹ̀ gbalaja, ó ti jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, kò sì lè dìde nítorí pé àna rẹ̀ kò tíì ní kí ó dìde.

Níbi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ balẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú eérú tó tú sẹ́yìn ìlà, ihò kékeré kan bí ibi tí adìẹ yé ẹyin sí. Bándélé ń wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nu ibẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ń yún un, ihò náà kò sì sí mọ́.

Olùkọ́ Herbert ló kọ́kọ́ dé. "Túbọ̀sún, ìwọ lo wà nítòsí. Kí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bọ́ọ̀lù ni àbí àyà rẹ̀?"

"Olùkọ́," Bàbá Ṣówùnmí wí láti ẹ̀yìn rẹ̀, "ìbéèrè tèmi lo bi í yẹn."

Ìwé mi wà lábẹ́ abíyá mi. Eré márùn-ún wà nínú rẹ̀, mo sì ti fa ìlà fún ẹ̀kẹfà. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bọ́ọ̀lù ni, Ìjẹmọ̀ ti borí, èmi yóò sì gba Ìtòkú lọ láti lọ kó iṣu àti iyọ̀ wa. Bí mo bá ní àyà ni, Lydia yóò wá sílé wa, ìsáré ọ̀gbẹlẹ̀ kan gbáko tí àwọn ọmọ wa sá yóò sì ṣòfò. N kò lè sọ pé n kò rí i. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ìlà tí ó ní òun kò rí i, kí ló wá ṣe níbẹ̀?

"Àyà ni," mo ní.

"Ó dá ọ lójú?" Bàbá Ṣówùnmí ló béèrè.

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Kò sí ẹni tó mọ̀ mí tí ó tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu mi rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Olùkọ́ Herbert mi orí, ó fun fèrè ìparí. Bàbá Ṣówùnmí wo ilẹ̀ níwájú ìlà, níbi tí àyà àbúrò mi wà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bándélé.

"Kí lo ń wò? Ṣé o fẹ́ kí àna rẹ sùn síbẹ̀ ni?"

"Ẹ dìde," Bándélé wí.

Olújìmí kò pariwo. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún," ó ní, "ẹ ti gbé ìyàwó wálé. Ẹ kú iṣẹ́." Láti ọjọ́ náà títí tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, bí mo bá wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà, wọn a dìde, wọn a kí mi bí ó ti yẹ, wọn kò sì ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀sán náà: eré kẹfà, Ìjẹmọ̀ ẹyọ kan, Ìtòkú ẹyọ kan, Ìtòkú ló ni ọdún. Eré márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ tọ́. Mo tún yẹ̀ wọ́n wò lánàá.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, Ọlálẹ́yẹ yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i dáadáa?"

"Mo rí i."

"Mo fẹ́ dúró. Mo ti sọ fún ara mi pé màá dúró. Ọwọ́ mi ló ṣáájú mi."

"Mo ní mo rí i."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ bu omi fún mi kí n fi wẹ eérú kúrò lẹ́sẹ̀. Kò tún béèrè mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, a lọ sí Ìtòkú. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni, mo béèrè. Gbogbo ilé Bàbá Ṣówùnmí jókòó lórí ẹní, àgbà àti ọmọdé, Ọlálẹ́yẹ sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ lé e. Bándélé ló jókòó sí ìpẹ̀kun. Wọ́n fi aṣọ tuntun kan wé e, ó le koko lára rẹ̀ débi pé kò lè tẹ apá. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ eré náà. Mo ti rò ó títí bóyá nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fi nu ojú bọ́ọ̀lù náà kúrò nínú eérú, tàbí nítorí ilé-ìwé rẹ̀, n kò sì mọ ọ̀nà tí àgbàlagbà ń gbà bi ọmọdé ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọlálẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀. Eruku rọra dìde lábẹ́ àyà rẹ̀.

Bándélé tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi sún mọ́ etí àbúrò mi. Èmi nìkan ni mo tún gbọ́ ọ.

"Àna," ó ní, "lónìí, àyà ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ dìde."